Ta Ni Yóò Jíhìn Ìbọn Náà?

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Zawan, ní Bukuru àti káàkiri Jos, ìkìlọ̀ ni mo gbé wá, kì í ṣe èébú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìgàngàn, ní gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ará Òkè-Ọya ni, ẹ jókòó tì wá. Ọ̀rọ̀ ká ra ìbọn sílé ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú ìpàdé àdúgbò, wọ́n ń sọ ọ́ bí ìsìn bá parí, wọ́n sì ń sọ ọ́ nídìí iná tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò ń dá lóru nítorí otútù. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ wa ni ká ní ìbọn. Àwọn kan ní kí ìjọba kó gbogbo ìbọn tó wà nílẹ̀ kúrò. Ìhà méjèèjì ló ń fo ìbéèrè tó ṣe kókó jù dá: bí ìbọn bá wọ àdúgbò, ta ni yóò jíhìn rẹ̀?

Ẹni tí kò dé Zawan rí lè rò pé abúlé kan tó fara sin ni. Ẹ̀gbẹ́ Bukuru ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Jos South, lórí ilẹ̀ àwọn Berom. Àwọn òyìnbó wa kùsà tín ní agbègbè yìí títí ilẹ̀ fi lu káàkiri, kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di adágún omi tí ẹnikẹ́ni kò dí. Orò ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi ń ṣọgbà yí ilé àti oko ká, ànàmọ́ òyìnbó àti ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní àchà ni wọ́n ń gbìn. Ìwakùsà yìí náà ló pe àwọn bàbá wa wá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn. Àwa kọ́ la ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la bí àwọn ọmọ wa sí, ibẹ̀ la sì sin òbí wa sí. Ọta ìbọn kì í béèrè ẹ̀yà kó tó wọlé.

Mo mọ ohun tí ojú ti rí níbí. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2001 ni ìjà ńlá àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú Jos. Ní 28 oṣù kọkànlá 2008, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló tún dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 2010, oṣù kìíní, wọ́n pa àwọn Mùsùlùmí ní Kuru Karama, wọ́n sì ju òkú wọn sínú kànga. Àjọ Human Rights Watch ní ẹni tó kú kò dín ní 150. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní òru tó mọ́jú 7 oṣù kẹta, ó kan àwọn Krìstẹ́nì ní Dogo Nahawa. Àjọ yẹn kan náà ní wọn kò dín ní 200. Jos South ni Kuru Karama, Jos South náà ni Dogo Nahawa. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ẹkún ìhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Dogo Nahawa. Àdá ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ló jí wọn. Àwọn tó wá ja abúlé náà yin ìbọn lóru kí ẹ̀rù lè mú àwọn èèyàn sá jáde kúrò nínú ilé. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni àwọn tó ba dè wọ́n níta ń fi àdá ṣá wọn. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fi ọ̀dọ́ tó ní òun fẹ́ ra ìbọn ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò mí lójú láìpẹ́ yìí, ó ní: "Bàbá, bí wọ́n bá dé lóru, ṣé ìwé òfin la máa fi bora?" Mi ò ní èsì kíá fún un.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2018, Ọ̀gágun T.Y. Danjuma, tó ti ṣe olórí ọmọ ogun ilẹ̀, tó tún ti ṣe mínísítà ètò ààbò, dìde ní Jalingo, ó ní kí aráàlú gbèjà ara wọn, kí wọ́n má gbójú lé sójà. Ní 2021, Gómìnà Masari ní Katsina ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá ohun ìjà. Ní 2022, Gómìnà Ortom ní Benue ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ẹ̀ṣọ́ òun ní ìwé àṣẹ AK-47. Lẹ́yìn tí agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní 5 oṣù kẹfà ọdún náà, Gómìnà Akeredolu náà ké gbàjarè pé àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kò lè máa fi igi kojú ẹni tó gbé ìbọn ogun. Ní oṣù kan náà, Gómìnà Matawalle ní Zamfara ní kí wọ́n pín fọ́ọ̀mù ìbọn 500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìlú ọba mọ́kàndínlógún tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Olórí àwọn ọmọ ogun nígbà náà, Ọ̀gágun Irabor, sì sọ lójú gbogbo ayé pé kò rí bẹ́ẹ̀, gómìnà kò ní agbára yẹn.

Òótọ́ ni Irabor sọ. Òfin ìbọn wa ti wà láti 1959, kí a tó gba òmìnira. Kò sọ pé aráàlú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ tó ń lo kàtíríìjì, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé rẹ̀. Ṣakabùlà tí bàbá ńlá wa ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìwé àṣẹ. Wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ká ìbọn ogun mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láìní ìwé, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún mẹ́wàá. Ìwé òfin ńlá wa, ní ìpín 33, gbà pé èèyàn lè gbèjà ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò sọ ọ́ níbì kankan nínú rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà ni láti ní ìbọn. Àwọn tó ń fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ gbàgbé pé ìwé òfin tiwọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ láti 1791.

Òfin yẹn dára lójú ìwé. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ẹni tó ń bẹ̀rù òfin nìkan ló ń dè. Àgbẹ̀ ní Zawan tó bá fẹ́ ìbọn lọ́nà ẹ̀tọ́, ọ̀nà Abuja ni yóò máa tọ̀. Agbébọn tó gba ojú ọ̀nà òkè wọlé lóru kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin kan yóò wá ní, "Ṣebí ìbọn ti kún ilẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ó kún. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ dẹ́rù bà yín. Wọ́n ti ń kiri láti 2016 pé ìbọn tí kò ní ìwé tó 350 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà, àní àwọn ọ̀gá ńlá ń kà á jáde lórí pèpéle. Ẹ fi ọpọlọ ṣe é. Ìyẹn ju ìbọn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ, àti ọmọ ọwọ́, àti arúgbó, àti wòlíì. Iléeṣẹ́ ìwádìí Small Arms Survey fojú bù ú pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú wa tó mílíọ̀nù mẹ́fà àti díẹ̀. Ìyẹn náà tó láti ba ìlú jẹ́. Àwọn kan náà ló gbé ìwádìí jáde ní 2018 pé ìpínlẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ ìbọn àgbẹ̀dẹ ti gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà: Adamawa, Anambra, Benue, àti Plateau wa níbí.

Mo ti gbé ọ̀kan nínú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wò. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin mọ́ irin ṣì rí ṣákaṣàka, wọn ò tiẹ̀ fi fáìlì ha á. Igi ìdí rẹ̀ jẹ́ igi tútù tó ti ń sán. Kàtíríìjì kan ṣoṣo ló ń gbà. Bí o bá yìn ín tán, o ní láti ṣí i kí o sì fi èékánná fa ìkarahun ọta jáde, kí o tó ki òmíràn. Ẹni tó gbé AK-47 ti yìn tó ọgbọ̀n kí ìwọ tó ṣe ẹ̀ẹ̀kejì. Bí páìpù náà bá sì bẹ́, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ló ń bá a lọ. Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀. Kò ní nọ́ńbà. Kò ní àmì alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n bá fi pa èèyàn lálẹ́ òní, tí wọ́n sì jù ú sínú adágún ìwakùsà, kò sí ẹ̀dá tó lè sọ ọwọ́ tó ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Àwọn bàbá wa ní ìbọn. Ọdẹ ni wọ́n, jagunjagun ni wọ́n, wọn kò sì dúró de òfin 1959 kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìbọn níjàánu. Ọmọ kì í dédé gbé ìbọn. Yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọ̀gá, yóò ru ẹran, yóò kọ́ ipasẹ̀ ẹranko, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀tù, yóò mọ̀ pé a kì í yìnbọn sí ohun tí a gbọ́ ìró rẹ̀ tí ojú kò rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ojú Ògún ni, ojú olúọdẹ ni, ojú ẹgbẹ́ ni. Gbogbo ìlú mọ ilé tí ìbọn kọ̀ọ̀kan wà. Bí ọdẹ bá ṣèèṣì ṣe ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ léṣe nínú igbó, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń jókòó lé e lórí, kò sí pé ó sá lọ. Onínú fùfù àti ọ̀mùtí, olúọdẹ lè gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ohun tí ẹbí lè fi ṣe. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìjíhìn. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà lábẹ́lẹ̀ báyìí, ta ni olúọdẹ rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé bí ìbọn bá ti lágbára tó ni ìjà á ṣe yá parí. Ẹ wo ogun Kírìjì. Láti 1877 ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ sì wọ̀yá ìjà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí, tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà ju ṣakabùlà Ìbàdàn lọ. Ìbàdàn jẹ ìyà rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn náà wá irú rẹ̀ rà. Ogun kò parí. Ó kàn di pé ẹni tó ń kú ń pọ̀ sí i lójúmọ́. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi fọwọ́ sí ìparí rẹ̀ ní 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọdún mẹ́rìndínlógún, ìhà kan kò ṣẹ́gun ìkejì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lórí òkè yìí kò yàtọ̀. Àgbẹ̀ ní nítorí agbébọn lòun ṣe wá ìbọn. Darandaran ní nítorí àwọn tó ń jí màlúù òun kó ni. Kálukú ní ààbò lòun ń ṣe, kálukú sì ń ra èyí tó ju ti ẹnìkejì lọ.

Ìbọn kì í sì í bá ogun kú. Nígbà tí wọ́n bi Gaddafi ṣubú ní Libya ní 2011, ìbọn tó wà nínú ilé ìkóhun-ìjà rẹ̀ tú sí gbogbo aṣálẹ̀. Mali ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Mali yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀: ní 27 oṣù kẹta 1996, lẹ́yìn tí ìjọba àti àwọn Tuareg parí ìjà, wọ́n kó nǹkan bí 3,000 ìbọn jọ ní Timbuktu, wọ́n sì dáná sun wọ́n níwájú Ààrẹ Konaré àti Rawlings ti Ghana. Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn ló ṣáájú iná. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ìhà kan kó wá fi ìhà kejì sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé kí sójà ya ilé dé ilé ní Zawan nìkan, kí wọ́n kó ìbọn, kí wọ́n sì máa lọ, òkú ni wọ́n ń pè.

Ọ̀rọ̀ ìbínú tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án 2018, agbébọn pa àwọn èèyàn lóru ní agbègbè Du, níbí ní Jos South. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ fi ìbínú dí ọ̀nà. Ọ̀gágun Idris Alkali, tí kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì, ń wa mọ́tò rẹ̀ láti Abuja lọ sí Bauchi lọ́jọ́ náà. Kò débẹ̀. Adágún ìwakùsà ni wọ́n fa omi rẹ̀ tán kí wọ́n tó rí mọ́tò rẹ̀; inú kànga tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ìbọn fún ilẹ̀ yìí ni. Kò sí ohun tó mọ̀ nípa ìjà alẹ́ àná. Òkú àwọn ará Du ń dunni, mi ò sọ pé kò dunni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: irú ọwọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ fẹ́ kí ìbọn wà nínú rẹ̀? Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ẹ tún wo inú ilé. Amẹ́ríkà ni ìbọn ti pọ̀ jù lọ́wọ́ aráàlú ní gbogbo ayé, ó ju iye èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ. Ní 2021, ẹni tí ìbọn pa lọ́hùn-ún jẹ́ 48,830. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yìn ín lu ara wọn. Olè kọ́. Ẹ̀dùn ọkàn, gbèsè, ìjà tọkọtaya, ìbọn sì wà nínú dúrọ́ọ̀. Àwa tí ọmọ wa ń fi igi yìnbọn ṣeré, tí àwọn gìrìpá wa sì ń fi ìbọn gidi dán ayẹta wò lára ọ̀rẹ́ wọn, ṣé a rò pé tiwa máa dára ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìjọba, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní òru Kérésìmesì 2023, wọ́n pa èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Bokkos àti Barkin Ladi. Àwọn ọmọ ogun Operation Safe Haven wà nílẹ̀ nígbà náà, Operation Rainbow ti ìpínlẹ̀ náà wà nílẹ̀. Àwọn ará abúlé ké, ẹni tí wọ́n ń ké sí kò tètè dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n arọ ní láti rí ẹni gbé e. Ẹ kò lè sọ fún ẹni tí ẹ kò dáàbò bò pé kó má dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ gbé sójà kúrò lójú títì níbi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò, ẹ gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà òkè tí gbogbo ayé mọ̀ pé ibẹ̀ ni agbébọn ń gbà. Ẹ fi ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ sí ibi tí àgbẹ̀ lè dé, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ, ẹ wá iṣẹ́ fún wọn. Ọwọ́ tó lè fi páìpù ṣe ìbọn lè fi ṣe ẹ̀rọ tí ń fa omi sí oko ànàmọ́.

Ẹ̀yin olóṣèlú tí ẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ sí ìbọn nígbà ìbò, Ọlọ́run ń wò yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ sùn kí wọ́n wá pa yín. Ẹ ṣọ́ àdúgbò. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì, ẹ ra fèrè, ẹ gba nọ́ńbà fóònù olórí sójà tó wà nítòsí, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń gbé ní ilé kọ̀ọ̀kan, Berom, Hausa, Igbo, Fulani tàbí Yorùbá. Bí ìbọn bá gbọ́dọ̀ wà, kí ó jẹ́ èyí tí òfin fàyè gbà, lọ́wọ́ ẹni tó ti dàgbà, tí ìyàwó rẹ̀ kò bẹ̀rù rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ Gwom, olórí ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé àwo owó ìbọn kiri ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnì kan nàró kó béèrè orúkọ ẹni tí yóò jíhìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dìde lójú gbogbo yín kó ní "èmi ni," ẹ má dá kọ́bọ̀.